Èékánná bàbá mi ti yí padà: kí ni èékánná lè sọ nípa ìlera wa?

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́níyà kọ̀wé pé:

Ẹ̀yin ènìyàn wa, mo kí gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ kan ni ó gbé mi wá síbí, mo sì ń fẹ́ kí àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ là mí lọ́yẹ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ ti wà nínú èékánná mi, láti ìdí títí dé orí, ní àtàǹpàkò méjèèjì àti ní ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún. Ìyá mi náà ní irú rẹ̀. N kò kà á sí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, obìnrin kan tí a jọ ń tajà wò mí lọ́wọ́, ó ní ẹni tí èékánná rẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ayé ti fọwọ́ kàn án. Ẹlòmíràn tí ó dúró tì wá ní kì í ṣe ayé, ó ní jẹjẹrẹ ni. Láti ọjọ́ náà ni oorun kò ti kun ojú mi mọ́.

Nígbà tí mo wá ń wo èékánná gbogbo ará ilé kiri, mo rí i pé ti bàbá mi kò rí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Ẹni ọdún 72 ni wọ́n, ilé ìlagi ni wọ́n sì ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Orí ìka wọn ti wú roboto bí orí kùmọ̀, èékánná wọn sì tẹ̀ wálẹ̀ bí ẹ̀yìn ṣíbí. Kò dùn wọ́n, wọ́n sì ní àgbà ló dé. Èyí, mo kàn mẹ́nu bà á ni. Ti ìlà dúdú ara mi ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà fèsì pé:

Ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ọ̀rọ̀ rẹ kí n tó fèsì. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn àgbàlagbà. Ohun tí o torí rẹ̀ kọ̀wé kọ́ ni ó gba àyà mi; èyí tí o ní o kàn mẹ́nu bà ni.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti ìlà dúdú kúrò lọ́nà. Èròjà kan náà tí ó sọ awọ ara wa di dúdú wà ní ìdí èékánná níbi tí èékánná ti ń hù, bí ó bá sì ti ń tú àwọ̀ rẹ̀ jáde ni èékánná tí ń dàgbà ń gbé e lọ síwájú, tí ó fi di ìlà. Lára àwa aláwọ̀ dúdú, ó wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó ti lé ní 50 ọdún tí kò ní ẹyọ kan lára èékánná ogún kò pọ̀. Èyí tí ó bá wà lára ìka púpọ̀, tí ó ti pẹ́, tí kò fẹ̀ sí i, tí ìyá ẹni sì ní irú rẹ̀, kò yẹ kí ó gba oorun lójú ẹnikẹ́ni. Àwọn oògùn kan náà máa ń fa irú ìlà bẹ́ẹ̀. Zidovudine tí wọ́n ń fún àwọn tí ó ní kòkòrò HIV wà lára wọn.

Èyí tí a kò gbọdọ̀ fojú rénà ni ìlà kan ṣoṣo tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ sí èékánná kan ṣoṣo lára àgbàlagbà, pàápàá àtàǹpàkò ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀, tí ó ń fẹ̀ sí i, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba, tàbí tí dúdú náà ṣàn kúrò nínú èékánná bọ́ sí awọ tí ó yí i ká. Ẹ rántí Bob Marley, olórin Jàmáíkà. Ní 1977, ọgbẹ́ kan wà ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n rò pé bọ́ọ̀lù ló fà. Jẹjẹrẹ awọ ara ni ó wà lábẹ́ èékánná náà. Ó kú ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún 1981, ẹni ọdún 36. Nítorí náà, ẹni tí ó sọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ fún ọ kò purọ́ pátápátá, àmọ́ kò wo ọwọ́ rẹ dáadáa kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ó wá kan bàbá. Kí orí ìka wú roboto, kí èékánná sì tẹ̀ bò ó, kì í ṣe àmì àgbà. Ó ti lé ní 2,000 ọdún tí Hippocrates, oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìkì, ti ṣàpèjúwe rẹ̀ lára àwọn tí ọyún gbá jọ sí àyà wọn. Dókítà ọkàn kan ní South Africa, Leo Schamroth, ni ó fi ọ̀nà ìdánwò kan hàn wá ní 1976, ara òun tìkára rẹ̀ ni ó sì ti kíyè sí i nígbà tí àrùn mú ọkàn rẹ̀. Ní kí bàbá fi ẹ̀yìn ìka kan náà ọwọ́ ọ̀tún àti ti òsì kanra, kí èékánná kọjú sí èékánná, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. Lára ẹni tí kò ní nǹkan kan, àlàfo kékeré onígun mẹ́rin yóò wà ní ìdí èékánná méjèèjì tí ìmọ́lẹ̀ yóò gbà kọjá. Bí àlàfo náà bá ti dí, ẹ̀dọ̀fóró ni a kọ́kọ́ máa ń yẹ̀ wò: jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, ọyún inú àyà, ọ̀nà atẹ́gùn tí ó ti bàjẹ́. Ó lè jẹ́ ọkàn, ó lè jẹ́ ẹ̀dọ̀ tí ó ti le tàbí ìfun. Àwọn ìdílé kan sì wà tí wọ́n bí i mọ́ láìsí àrùn kankan. Ṣé bàbá ń wúkọ́? Ṣé wọ́n ti rù? Ṣé wọ́n ti mu sìgá rí? Fún mi lésì.

Ògbójú Ọ̀yọ́ fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá Nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n mo fẹ́ béèrè ohun kan tí ó ti ń jẹ mí lọ́kàn. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ọ̀wọ́ lékeléke bá ń fò kọjá, àwa ọmọdé yóò na ìka wa sókè, a ó máa jù ú síwá sẹ́yìn, a ó máa bẹ ẹyẹ náà pé kí ó bùn wá ní funfun. Ẹni tí ó bá rí àmì funfun lára èékánná rẹ̀ lẹ́yìn náà yóò máa yangàn kiri. Mo ti dàgbà báyìí, àmì funfun sì tún wà lára èékánná mi, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ta oògùn ní àdúgbò wa ní kálísíọ̀mù ni kò tó lára mi, ó sì ti ta ìgò mẹ́ta fún mi. Àmì náà kò lọ. Ta ni kí n gbà gbọ́, ẹyẹ tàbí olóògùn?

Ará Yàrá Àyẹ̀wò fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹyẹ náà kò gba owó lọ́wọ́ yín, òun ni mo lè gbèjà. Àmì funfun tóótòòtó kì í sábà jẹ́ ti kálísíọ̀mù rárá. Ibi tí èékánná ti ń hù ni ó gba ìlù díẹ̀, bóyá ilẹ̀kùn ló gbá a tàbí ẹ fi eyín gé e, ibi tí ó fara pa náà sì hù jáde ní funfun. Kò sí oògùn tí yóò mú un kúrò lójú ẹsẹ̀, nítorí èékánná tí ó ti hù kò ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Yóò máa bá èékánná lọ síwájú títí tí ẹ ó fi gé e sọ nù.

Èyí gan-an ni mo fẹ́ràn nípa èékánná, pé ó ń pa ọjọ́ mọ́. Nǹkan bí mìlímítà mẹ́ta ni èékánná ọwọ́ ń hù lóṣù kan, nítorí náà ó máa ń tó oṣù mẹ́fà kí odidi kan tó pààrọ̀ ara rẹ̀. Ti ẹsẹ̀ lọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè gba ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀. Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ibà jẹ̀funjẹ̀fun gbé mi dè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì tí mo ti dìde, mo rí i pé kòtò kan ti là kọjá èékánná mi ní ìbú, lára gbogbo ìka, ní ipò kan náà, bí ẹni pé wọ́n fi rúlà fà á. Ẹ̀rù bà mí kí n tó rántí pé dókítà ará Faransé kan, Joseph Honoré Simon Beau, ti ṣàlàyé èyí láti 1846. Nígbà tí ara ń bá àìsàn líle jà, ìdí èékánná a dáwọ́ iṣẹ́ dúró tàbí kí ó dẹwọ́, bí àlàáfíà bá sì dé, a tún bẹ̀rẹ̀. Kòtò náà ni ojú ìdẹwọ́ ọ̀hún. Mo wọn ti àtàǹpàkò mi láti ìdí, ó tó mìlímítà mẹ́fà, mo pín in sí mẹ́ta-mẹ́ta, ó sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tí mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì gan-an. Oògùn jẹjẹrẹ náà máa ń fà á. Ṣùgbọ́n kòtò lára ìka kan ṣoṣo kì í ṣe ti àìsàn gbogbo ara, ìka yẹn nìkan ni ó fara pa.

Ẹ tún jọ̀wọ́, bí èékánná bá tẹ́ tàbí tí ó jin kòtò láàárín bí ìtẹ́ ṣíbí, tí ẹ bá kán omi kan sí i tí omi náà sì dúró tí kò ṣàn lọ, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Èròjà irin ni kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Lára àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lóko, aràn tí ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé tí ó sì ń fa ẹ̀jẹ̀ mu nínú ìfun wà lára ohun tí ó ń fà á. Lára obìnrin, ó lè jẹ́ nǹkan oṣù tí ó ń dà jù. Lára ọmọ ọwọ́, ó lè rí bẹ́ẹ̀ láìsí àìsàn, yóò sì lọ fúnra rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́níyà kọ̀wé pé:

Màmá, mo ti ṣe ìdánwò náà. Mo kọ́kọ́ fi ìka tèmi ṣe é, mo rí ìmọ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo ní kí bàbá ṣe tiwọn lẹ́nu ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́: kò sí àlàfo kankan, ó dí pátápátá. Wọ́n ń wúkọ́ láràárọ̀, wọ́n a sì tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tí ó nípọn sínú agolo kan, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa kò fi kà á sí àìsàn mọ́. Bí a kò bá gbọ́ ikọ́ náà, a kì í mọ̀ pé wọ́n ti jí. Ẹ̀gbọ́n mi wá rán mi létí pé ikọ́ ife mú wọn ní 1988, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Wọn kò mu sìgá rí. Mo ní kí a lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní èékánná wo ni yóò gbé àwọn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà fèsì pé:

Má ṣe bá wọn jiyàn lórí èékánná, ikọ́ ni kí o bá wọn sọ. Ó di dandan kí wọ́n ya X-ray àyà, kí wọ́n sì yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn wò, nítorí ikọ́ ife lè padà wá. Àyẹ̀wò ikọ́ ife àti oògùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà, nítorí náà má jẹ́ kí wọ́n fi owó ṣe àwáwí. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá tu ẹ̀jẹ̀, ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ológe Èékánná fèsì pé:

Iṣẹ́ èékánná ni mo ń ṣe ní Ìkẹjà, ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ ń sọ wọ̀nyí ni mo sì ń rí lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n àwa gan-an ni a ń kun ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀. Oníbàárà kan kì í fẹ́ rí èékánná ara rẹ̀ lásán. Bí mo bá ti tú ti àtijọ́ kúrò, ó fẹ́ kí n lẹ tuntun mọ́ ọn ní wákàtí kan náà. Mo ti rí èékánná tí ó di àwọ̀ ewé lábẹ́ èyí tí a lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí omi wọ àárín méjèèjì, kòkòrò bakitéríà sì fi ibẹ̀ ṣe ilé. N kì í lẹ nǹkan mọ́ irú rẹ̀ mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Àwọn tí ń ta ẹja àti àwọn alágbàfọ̀ tí ọwọ́ wọn kì í kúrò nínú omi máa ń wá pẹ̀lú ìdí èékánná tí ó wú, tí ó pọ́n. Wọ́n a ní kí n gé awọ ibẹ̀ kúrò, ṣùgbọ́n awọ yẹn ni ó ń dí ẹnu ọ̀nà mọ́ kòkòrò. Ẹni tí ó bá gé e ń pe àkàndùn wá sílé ni.

Ẹ jọ̀wọ́, àwọn Mọ́là tí ń gbé sísọ́ọ̀sì kiri àdúgbò, tí wọ́n ń gé èékánná fún gbogbo ènìyàn, ẹ máa mú irin tiyín fún wọn. Irin kan tí ó ta ẹ̀jẹ̀ lára ẹnìkan lè gbé kòkòrò àrùn ẹ̀dọ̀ lọ sára ẹlòmíràn. Èmi náà ní láti máa sè tèmi, kì í ṣe àwọn nìkan ni mo ń bá wí.

Ìbéèrè kan ni mo ní: kí ló dé tí wọ́n fi ní kí oníbàárà mi kan tí ó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ tú gbogbo rẹ̀ kúrò?

Ọmọ Èkìtì ní Peckham fèsì pé:

Mo lè dáhùn èyí, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti fi wo bí afẹ́fẹ́ ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ gba inú ìka kọjá ni. Ọ̀dà dúdú, ọ̀dà búlúù tàbí làálì lè dí ìmọ́lẹ̀ náà lọ́wọ́. Wọ́n tún ń wo àwọ̀ ẹran abẹ́ èékánná fúnra rẹ̀, bóyá ó ń di búlúù. Ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé ẹ̀rọ yìí lè fún aláwọ̀ dúdú ní iye tí ó ga ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí náà ẹni tí èémí bá ń há, kí ó má ṣe jẹ́ kí nọ́ńbà tí ó dára dá òun padà sílé.

Ohun tí ó mú mi wọlé gan-an ni pé ọdún kan àtààbọ̀ ni mo fi lo oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì lórí èékánná mi láìsí ìyàtọ̀. Ó ní ihò wẹ́wẹ́ lójú bí ẹni pé wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un, orí rẹ̀ sì ń ṣí kúrò lára ẹran. Kò sẹ́ni tí ó gé díẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò rí. Nígbà tí wọ́n wá gé e, kò sí fọ́ńgọ́ọ̀sì níbẹ̀. Psoriasis ni, àrùn awọ ara tí kì í ràn, oríkèé ìka tí ó sì ń dùn mí láàárọ̀ tí mo rò pé òtútù ilẹ̀ yìí ló fà á jẹ́ ara rẹ̀.

Ará Yàrá Àyẹ̀wò fèsì pé:

Ẹ ṣeun fún èyí. Ọ̀pọ̀ èékánná tí ó nípọn tí ó sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni kò ní fọ́ńgọ́ọ̀sì nínú, oògùn ẹnu rẹ̀ sì lè ni ẹ̀dọ̀ lára, nítorí náà àyẹ̀wò ni ó yẹ kó ṣíwájú. Bákan náà, àwọn tí ń gbé biotin, irú fítámì kan, mì kí èékánná lè dára, ẹ sọ ọ́ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ yín. Ní 2017, àjọ tí ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, FDA, kìlọ̀ pé ó lè yí èsì àyẹ̀wò po, títí kan èyí tí a fi ń mọ̀ bóyá ọkàn ẹnìkan ti fara pa.

Ògbójú Ọ̀yọ́ fèsì pé:

Mo ti jọ̀wọ́ kálísíọ̀mù. Ṣùgbọ́n bí ó ti rí yìí, ṣé kì í ṣe pé a lè wo ọwọ́ ẹnìkan kí a sì sọ àrùn tí ń ṣe é?

Nọ́ọ̀sì Àgbà fèsì pé:

Rárá, ẹ má gbé e débẹ̀. Ní 1954, dókítà kan tí ń jẹ́ Terry kọ̀wé nípa èékánná tí gbogbo rẹ̀ funfun àyàfi ọ̀já pupa tín-ínrín ní orí rẹ̀, ó sì rí i lára àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le. Lẹ́yìn náà ni a rí irú rẹ̀ lára àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára, lára alátọ̀ọ̀gbẹ, àti lára arúgbó tí kò ní ohunkóhun. Èyí tí ìlàjì ìdí rẹ̀ funfun tí ìlàjì orí rẹ̀ sì pọ́n máa ń wà lára àwọn tí kíndìnrín wọn ti bàjẹ́, àmọ́ mi ò lè wo ọwọ́ kí n sọ pé kíndìnrín ni. Mo lè ní kí a wo ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ nìkan.

Mo tún rántí obìnrin aláró kan láti Abẹ́òkúta. Ọmọdé dókítà kan rí èékánná rẹ̀ ní búlúù, ó sì ti ń pariwo pé kí wọ́n gbé afẹ́fẹ́ ìmísínú wá. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní ẹlú ni, ó ní kí wọ́n wo ahọ́n òun. Ahọ́n rẹ̀ pupa dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn kí n tó wo ọwọ́ rẹ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́níyà kọ̀wé pé:

Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ikọ́ ni mo bá bàbá sọ gẹ́gẹ́ bí Màmá ti wí, wọ́n sì tẹ̀ lé mi. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ fi hàn pé kò sí ikọ́ ife mọ́. Wọ́n ya X-ray, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí a ya CT, àwòrán tí ń fi inú ara hàn kedere ju X-ray lọ, èyí tí ó gba owó gidi. Dókítà fi hàn mí lójú kọ̀ǹpútà pé àwọn ọ̀nà atẹ́gùn ní apá kan ẹ̀dọ̀fóró bàbá ti fẹ̀, wọn kò sì lè sún padà mọ́. Ó ní ojú àpá ikọ́ ife ọdún 1988 ni, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ a máa gbá jọ síbẹ̀, kòkòrò a sì máa bà sí i. Kò sí jẹjẹrẹ. Wọ́n fún wọn ní oògùn, wọ́n sì kọ́ wa bí bàbá yóò ṣe máa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, tí wọn yóò sì máa mí lọ́nà kan kí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ lè jáde lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Wọ́n ní ká ti tètè wá ni. Ǹjẹ́ ìka wọn yóò padà sí bí ó ti wà, Màmá?

Nọ́ọ̀sì Àgbà fèsì pé:

Mo yọ̀ púpọ̀. Ìka tí ó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà padà. Nígbà tí a bá tètè mú ohun tí ó fà á kúrò ni ó lè rọ̀. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni kí o máa wò báyìí: bí ó bá pọ̀ sí i, bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà tàbí tí ibà bá dé, ẹ padà sí ilé ìwòsàn. Ìlà dúdú tìrẹ ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́ Mọ́níyà kọ̀wé pé:

Mo ti yà á ní fọ́tò pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mìlímítà méjì ni ti àtàǹpàkò ọ̀tún, ti òsì kò tó bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ ọjọ́ sí i, n ó tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.